Owó Tí Wọ́n Fẹ́ Ná sí Igbó Ọba: Èwo Ni Ìpín Tiwa Níbẹ̀?

Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé oṣù tó kọjá ló mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ariwo. Àlejò méjì ló wá bá wa láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko inú igbó Omo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹgbẹ́ tí àwọn yóò jọ ṣiṣẹ́, pé owó díẹ̀ wà nílẹ̀, pé òmíràn ń bọ̀ lọ́nà, pé bí ẹgbẹ́ olókòkó bíi tiwa bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, àǹfààní ńlá ni fún tọ̀tún tòsì.

Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bàbá kan fi dìde lẹ́yìn. Bàbá ní: "Erin jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi tán lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó tẹ ọmọ kòkó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá kí mi kú òfò. Àṣé erin náà ní ẹgbẹ́ tiẹ̀, tí wọ́n tilẹ̀ ń dá owó fún un!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò náà rín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n. Alága ní kí oníkálukú lọ ronú sí i nílé, kí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ wá dìbò lé e lórí.

Àwa tí à ń kọ ìwé ìròyìn yìí ti ronú sí i. A kò ní fi èrò wa pamọ́: a fẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìwé tí wọ́n mú wá yẹn. Kì í sì í ṣe nítorí owó tí wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Ohun kan wà tí a ní láti kọ́kọ́ ṣe nínú ilé tiwa ná, ohun náà yóò sì dun àwọn kan nínú wa. A ó dé ibẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Láti 1925 ni igbó Omo ti di igbó ọba. Nínú ìwé, ó lé ní 130,000 hẹ́kítà. Ní 1977, àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn igbó tí gbogbo ayé yóò máa fojú tó. A ní "nínú ìwé" nítorí ẹni tó bá rin J4 já lónìí mọ̀ pé ìwé ọ̀tọ̀, igbó ọ̀tọ̀. Ibi kan jẹ́ mẹlíná, ibi kan jẹ́ kòkó, ibi kan jẹ́ kùkùté. Síbẹ̀ ojúlówó igbó ṣì kù, erin sì wà nínú rẹ̀.

Erin yìí kì í ṣe erin ọ̀dàn tí ẹ ń rí nínú sinimá. Erin igbó ni, ó kéré sí ti ọ̀dàn, eyín rẹ̀ sì nà tààrà sí ìsàlẹ̀. Ní 2021, àwọn tó ń ka ẹranko ayé fi í sí ìsọ̀rí àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n pòórá, nítorí pé láàárín ọdún 31, nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó lé ní 86 tó ti lọ. Erin gbogbo Nàìjíríà, ti igbó àti ti ọ̀dàn, kò tó 400 mọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n tó bíi 1,500 ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Abo erin igbó sábà máa ń lé ní ogún ọdún kó tó bí àkọ́bí rẹ̀, oyún rẹ̀ sì ń tó oṣù 22. Ẹ fojú inú wo ìyẹn ná. Ẹni tó bá yìnbọn pa abo erin kan lónìí, ọmọ tirẹ̀ tó ń rá lọ́wọ́ lè ti fẹ́ ìyàwó kí erin mìíràn tó dípò èyí tó pa.

Ẹnìkan lè ní, kí ló kàn wá? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta àpọ̀n lọ́jà, ẹ jẹ́ ká bi yín, ta ló gbin igi òro tó wà nínú igbó jíjìn? Erin wà lára àwọn tó gbìn ín. Yóò jẹ èso òro, yóò gbé kóró rẹ̀ rìn títí, yóò sì yà á sílẹ̀ níbi tó jìnnà, pẹ̀lú ajílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ti kòkó, ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí rẹ̀ mọ ohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń fojú igi kòkó rí. Ibi tí igbó ńlá bá wà nítòsí, ilẹ̀ kì í tètè gbẹ, odò kì í sì í tètè fà. Àwọn bàbá wa kò lọ ilé ìwé kí wọ́n tó mọ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Inú ẹni tó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù dùn pé erin ṣì wà nínú igbó wa. Inú tiwa náà lè dùn. Àmọ́ inú rẹ̀ dùn láìná kọ́bọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa ni erin ń jẹ. Ká sòótọ́, àwa tí a wà létí igbó ti ń dá owó fún erin láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni owó tí à ń dá. Ẹ̀gẹ́ ni. Kò kàn sẹ́ni tó já rìsíìtì fún wa ni.

Owó òkèèrè nínú ọ̀ràn igbó kì í ṣe ohun tuntun sí wa. Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí ìgbà tí wọ́n ń gé igbó lulẹ̀ ní J4, tí wọ́n ń gbin mẹlíná, pé ilé iṣẹ́ pépà Ìwópin ni yóò lò ó. Igbó lọ, mẹlíná sì hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pépà kò lọ bí wọ́n ti fọkàn sí, mẹlíná tí wọ́n gbìn fún pépà di pákó ní sọ́ọ̀mìlì. Ìyẹn tilẹ̀ jẹ́ owó tí wọ́n fi gé igbó. Ẹ wá gbọ́ ti owó tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Ní 1991 ìjọba àpapọ̀ dá páàkì Cross River sílẹ̀, ní ìhà ààlà Kamẹrúùnù. Owó wá láti Yúróòpù. Wọ́n sọ fún àwọn abúlé tó yí igbó ká pé bí wọ́n bá fi ìbọn àti àdá sílẹ̀, ìrànlọ́wọ́ yóò dé, iṣẹ́ yóò dé, nǹkan yóò yí padà. Àwọn ènìyàn gbọ́. Ó di oṣù kọkànlá 1995, ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn rọ̀. Inú bí Yúróòpù, wọ́n sì dá ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe fún Nàìjíríà dúró. Inú tó bí wọn tọ́. Ṣùgbọ́n erin Oban kò pa ẹnikẹ́ni, ará abúlé Oban kò so ẹnikẹ́ni rọ̀. Owó igbó bá ẹjọ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lọ. Àwọn tó ti fi àdá sílẹ̀ tún lọ mú un.

Ti ẹnu àìpẹ́ yìí rèé. Láti 1995 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń náwó nípasẹ̀ USAID sí àwọn igbó ńlá agbègbè odò Kóńgò. Ní 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn USAID pa. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi náwó, oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi dá a dúró. Ìbò tí àwọn ènìyàn dì ní ibi tí wọn kò ti mọ ẹtu yàtọ̀ sí ewúrẹ́, òun ló sọ bóyá olùṣọ́ igbó kan ní Kóńgò yóò gba owó oṣù.

A kò sọ èyí láti bú olówó. Ẹni tó fún wa lówó lánàá tí kò fún wa lónìí kò jẹ wá ní gbèsè. Ohun tí à ń wí ni pé ẹgbẹ́ tó bá fi owó ọrẹ ṣe ìpìlẹ̀ ilé, kò yẹ kó yà á lẹ́nu bí ilé bá mì. Bí ẹgbẹ́ tiwa yìí bá jẹ́ owó ọrẹ la fi dá a sílẹ̀, ṣé ẹ rò pé ì bá wà dòní?

Ẹ jẹ́ ká mú yín dé Uganda díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí ohun tó jọ ìwà ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jù lọ. Igbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bwindi, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Kò tóbi, nǹkan bí 330 kìlómítà onígun mẹ́rin ni, kò tó ìdá mẹ́ta igbó Omo inú ìwé. Gòrílà orí òkè ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1991 ìjọba sọ ọ́ di páàkì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn tó ti ń rí oyin, okùn àti egbòogi níbẹ̀ láti ayé bàbá wọn bínú. Iná ń sọ nínú igbó, àwọn ará abúlé sì ń wò ó níran. Wọn kò lọ pa á. Ta ni yóò pa iná ilé tí wọ́n ti lé e jáde?

Ìgbà náà ni àwọn kan ronú. Ní 1994 wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún igbó náà. Àjọ GEF, nípasẹ̀ Báǹkì Àgbáyé, fi owó tó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là sínú rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n fi owó ọ̀hún ṣe o. Wọn kò ná an. Wọ́n kó o síbi tí yóò ti máa pa èlé, èlé yẹn nìkan ni wọ́n ń ná. Ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ tilẹ̀, Amẹ́ríkà àti ìjọba Netherlands ló ń san owó iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí wọ́n lè fi ojú owó sílẹ̀ kó gbèrú. Akápò wa, nígbà tí a ka èyí fún un, mi orí títí. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí mọ iṣẹ́."

Bí wọ́n ṣe pín èlé náà ló tún wù wá jù. Nínú 100, wọ́n ya 60 sọ́tọ̀ fún àwọn ará abúlé tó yí igbó ká, fún ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. 20 fún ìwádìí, 20 fún ìtọ́jú igbó fúnra rẹ̀. Àwọn ará abúlé ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín in. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣí etí igbó ní àwọn apá kan kí àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lè máa tọ́jú ilé oyin wọn, kí wọ́n sì máa já ewé àti okùn. Ní 1997, nǹkan bí 300 gòrílà ni wọ́n kà níbẹ̀. Nínú ìkànìyàn, ẹ forí jì wá, ìkàgòrílà 2018, wọ́n bá 459. Gòrílà irú yẹn nìkan ni nínú gbogbo gòrílà tí iye rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

A kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Àwọn Batwa, tó jẹ́ pé inú igbó gan-an ni ilé wọn, ni wọ́n lé jáde ní 1991 láìsan gbà-máà-bínú fún wọn. Àpò owó yẹn ra ilẹ̀ fún díẹ̀ nínú wọn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹni tí a gba ilé rẹ̀, tí a wá ra ẹni fún ún, a kò tíì san gbèsè. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí àwa náà ní àwọn tó ti ń gbé inú igbó Omo láti ayé bàbá wọn, kò sì yẹ kí ìwé tí ẹgbẹ́ olókòkó fọwọ́ sí di ohun tí wọn yóò fi lé wọn.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn àlejò tó ń wá wo gòrílà ń mú owó ńlá wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbójú lé e. Àrùn kòrónà dé ní 2020, wọ́n ti páàkì, àlejò kò wá mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ọdẹ kan tó wọ inú igbó wá ẹran pa akọ gòrílà ńlá tí wọ́n ń pè ní Rafiki. Nítorí náà, bí àwọn àlejò tiwa ṣe ń sọ pé òyìnbó yóò wá wo erin, a ní kí wọ́n rọra. Òyìnbó lè wá. Òyìnbó sì lè má wá.

Ilé wa níbí náà, a ní àpẹẹrẹ. Ní Cross River kan náà, ní orí òkè Mbe, abúlé mẹ́sàn-án kó ara wọn jọ ní 2005, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú igbó wọn. Igbó náà kì í ṣe ti ìjọba, tiwọn ni. Àjọ WCS ń ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn ọmọ abúlé ló sì ń ṣọ́ igbó. Irú gòrílà tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 lọ ní gbogbo ayé. Ní 2020, ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ igi ya fọ́tò wọn, ọmọ wà lẹ́yìn àwọn ìyá. Ti àwọn ará Ekuri tún wà níbẹ̀: abúlé méjì, igbó 33,600 hẹ́kítà. Wọ́n nílò títì, àwọn onígẹdú ní àwọn yóò la títì fún wọn bí wọ́n bá fún àwọn ní igi. Wọ́n kọ̀. Ẹ wò ó, ẹni tó ń fi orí ru kòkó rìn gba inú ẹrọ̀fọ̀ tó sì kọ títì ọ̀fẹ́, ẹni náà mọ iye tí ohun rẹ̀ tó. Ní 2004 wọ́n gba ẹ̀bùn Equator ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé.

Ẹ ó ti máa gbọ́ pẹ̀lú nípa owó ńlá kan tí wọ́n kéde ní Belém, ní Brazil, ní oṣù kọkànlá 2025. Wọ́n fẹ́ ṣe é bíi ti Bwindi, ṣùgbọ́n fún gbogbo igbó ilẹ̀ olóoru: kí ojú owó wà níbì kan, kí èrè rẹ̀ máa san dọ́là 4 lórí hẹ́kítà igbó kọ̀ọ̀kan tó bá ṣì dúró lọ́dọọdún, kí ó kéré tán 20 nínú 100 rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti ṣí ìwé, ó ṣírò: 130,000 hẹ́kítà, dọ́là 4 lọ́nà kọ̀ọ̀kan, 520,000 dọ́là. Ẹ má tíì jó. Bílíọ̀nù 125 dọ́là ni wọ́n ń wá, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣèlérí ní Belém kò tó 10. Èkejì, igbó tó dúró nìkan ni wọ́n ń sanwó fún, wọn a sì máa yọ owó kúrò fún èyí tí wọ́n gé. Kùkùté kò lówó oṣù. Nígbà tí owó náà bá fi máa dé, bó bá dé, kí ni yóò kù tí a ó kà sí igbó?

Èyí ló mú wa dé inú ilé tiwa. Akọ̀wé wa ní kí a má kọ ìpínrọ̀ tó tẹ̀lé e yìí. A kọ ọ́.

Nínú oṣù kejìlá 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kọjá 12,000 dọ́là. Ó ti já wálẹ̀ gidi lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ojú wa ṣe rí nígbà yẹn. Gbogbo ènìyàn ń wá ilẹ̀. Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó kún tábìlì ìgbìmọ̀. "Láti fi kún oko" ni ọ̀pọ̀ kọ síbẹ̀. A bi wọ́n pé ta ni onígbọ̀wọ́, a bi wọ́n pé oṣù mélòó ni wọn yóò fi san án. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé níbo ni oko náà wà. A mọ ìdí tí a kò fi bèèrè. A mọ ibi tó wà. Owó tí àwọn opó inú ẹgbẹ́ wa fi pamọ́ pẹ̀lú wa, owó tí àwọn tíṣà ń yọ kúrò nínú owó oṣù wọn, òun ló ra epo tí wọ́n rọ sínú ẹ̀rọ ayùn tó wọ igbó ọba. Kì í ṣe onígẹdú nìkan ló gé Omo. Àwa náà gé e, a sì ní rìsíìtì rẹ̀ nínú fáìlì.

A kò sọ èyí kí a lè dójú ti ẹnikẹ́ni. A ń sọ ọ́ nítorí pé owó yẹn wà nínú ewu. Ẹni tó gbin kòkó sí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, lọ́jọ́ tí ìjọba bá lé e, kí ni ẹgbẹ́ yóò fi gba gbèsè? Ìjọba sì ti kìlọ̀ fún àwọn olókòkó inú igbó ọba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òfin Yúróòpù tún wà níbẹ̀. Ní 2023 wọ́n ṣe òfin pé kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà àti irú wọn tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2020 wá, kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn. Bí igbó náà bá tilẹ̀ ti di oko ṣáájú ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n gbìn gbọ́dọ̀ wà ní ìbámu pẹ̀lú òfin ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbìn ín. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì, inú àwọn kan dùn sí i. Ẹni tí wọ́n sún ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀ síwájú, wọn kò tíì dá a láre. Oníṣòwò tó ń kó kòkó lọ òkè òkun yóò máa bèèrè ibi tí oko wà, títí dórí igun ilẹ̀. Àpò kan tó ti inú igbó ọba wá, tó dà pọ̀ mọ́ àpò 50 tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ ìdílé, lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kòkó bàbá tí kò rú òfin kankan ni yóò bá a lọ.

Nítorí náà, èyí ni ìpín tiwa, a kò sì ní dúró de olówó kankan kí a tó san án: kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́ láti ṣí oko tuntun nínú igbó ọba, àti kí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó gbogbo ní àyè tí a ó kọ ibi tí oko wà sí, kí onígbọ̀wọ́ sì fọwọ́ sí i pé òun ti dé ibẹ̀. Àwọn tó ti ní kòkó nínú igbó tipẹ́, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Kí ẹgbẹ́ dúró tì wọ́n lọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n dúró, àti pé ẹ̀yáwó láti tún kòkó tó ti gbó ṣe, láti gbin igi tó ní òjìji sáàárín rẹ̀, kí ó rọrùn fún wọn ju ti oko tuntun lọ. Owó tí kò lọ sínú igbó mọ́ lè lọ síbẹ̀.

Bí a bá ti ṣe ìyẹn, ẹnu wa gbà á láti bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí alájọṣe. Ohun tí a ó béèrè kò pọ̀. Owó tí wọ́n bá mú wá, kí wọ́n má ná an tán láàárín ọdún mẹ́ta kí wọ́n sì máa lọ. Kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn ojú owó rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kí aṣojú àwọn abúlé àti ti ẹgbẹ́ wa jókòó nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn bí a ṣe ń ka tiwa lọ́dọọdún. Kí ohun tí erin bá bàjẹ́ ní owó tí a ó fi tún un ṣe, kí owó náà sì yá ju ẹsẹ̀ erin lọ. Wọ́n ti ń gba àwọn ọdẹ àtijọ́ síṣẹ́ olùṣọ́ ní Omo, a gbóríyìn fún wọn nítorí rẹ̀, torí ọdẹ mọ ọ̀nà ọdẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún wa bí owó oṣù ọdẹ náà yóò ṣe máa wọlé lọ́dún kẹwàá. Bí wọn kò bá lè dáhùn ìyẹn, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. A jẹ́ àgbẹ̀, a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló ní ìdáhùn ní ọjọ́ kan náà.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba ṣe é. Ìjọba ló ni igbó ọba, ìjọba ló ń gba owó igi. A gbà. Ó sì yẹ kí apá kan lára owó igi tó ń jáde ní Omo padà sí Omo, sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ, a ó sì kọ lẹ́tà sí wọn lórí ìyẹn bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yá owó fún ẹni tó ń gé igbó kò lẹ́nu láti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ìpàdé gbogbogbòò yóò wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ẹni tó bá yá owó fún oko láti 2021 títí di ìsinsìnyí, kó mú ìwé rẹ̀ dání, kó sì múra láti sọ ibi tí oko náà wà. A kò ní ké mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àlejò méjèèjì ti ní àwọn yóò wá. A sì ti bẹ akọ̀wé àti ọmọ ìgbìmọ̀ kan pé kí wọ́n lọ sí oko bàbá lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n ka ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọmọ kòkó tó bàjẹ́ níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí bàbá tẹ̀ka sí i. Ìwé yẹn ni a ó kọ́kọ́ kà ní ìpàdé, ṣáájú ti àwọn àlejò.